Èló Ni Iṣẹ́ Kọ̀ọ̀kan Ń Ná Ìjọba?

Àbójútó iye tí iṣẹ́ ń náni ni ọ̀nà tí iléeṣẹ́ kan fi ń mọ iye owó tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì fi ń pinnu bóyá ó yẹ kí òun máa ṣe iṣẹ́ náà bí òun ti ń ṣe é. Ọ̀dọ̀ àwọn oníléeṣẹ́ aládàáni ni ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá mọ iye tí bàtà kan ná òun kò lè mọ iye tí òun yóò tà á kí òun tó jèrè. Ìjọba kì í ta bàtà. Kò sí ẹni tí ń ná owó ààbò lọ́wọ́ ọlọ́pàá bí ẹni ń nájà, kò sì sí èrè tí yóò sọ fún ọ̀gá ilé ìwé ìjọba lópin ọdún pé ó ṣe dáadáa tàbí kò ṣe dáadáa. Nítorí náà ló ṣe pẹ́ kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba káàkiri ayé tó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ohun tí oníṣòwò kékeré ń bi ara rẹ̀ lójoojúmọ́: èló ni eléyìí ná wa?

Kì í ṣe pé ìjọba kì í ka owó. Ó ń kà á, ó tún ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí èèyàn bá ṣí ìwé ètò ìṣúná ìpínlẹ̀ kan tàbí ti ìjọba àpapọ̀, yóò rí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀: owó oṣù, owó ìrìn àjò, owó dísù jẹnẹrétọ̀, owó ìwé àti yíǹkì, owó àtúnṣe ọkọ̀. Irú àkọsílẹ̀ yìí wúlò. Òun ló ń jẹ́ kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin mọ ohun tí wọ́n fọwọ́ sí, òun náà ló sì ń jẹ́ kí àwọn tí ń yẹ ìwé owó wò mọ̀ bóyá owó tí wọ́n ní kí wọ́n fi ra dísù, dísù ni wọ́n fi rà. Ṣùgbọ́n kò lè sọ iye tí fífún ọmọ kan ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ná ìjọba ìbílẹ̀. Owó abẹ́rẹ́ wà ní ojú ìwé kan, owó oṣù nọ́ọ̀sì wà ní òmíràn, owó fíríìjì àti dísù tí ń mú abẹ́rẹ́ tutù wà níbi kẹta, ọkọ̀ tó gbé e dé abúlé sì lè wà lábẹ́ iléeṣẹ́ mìíràn pátápátá. Ẹni tó bá ka gbogbo ìwé náà tán yóò mọ ẹni tó gba owó. Kò ní mọ ohun tí iṣẹ́ náà ná.

Láti mọ̀ ọ́n, àfi kí wọ́n kó owó tó fọ́n káàkiri wọ̀nyí jọ sórí iṣẹ́ tí wọ́n fi ṣe. Díẹ̀ nínú rẹ̀ rọrùn. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún fún ọmọ, tirẹ̀ ni, kò sí ẹlòmíràn tó bá a pín in. Ibi tí ìṣirò ti ń le ni owó tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ jọ ń ná: owó oṣù ọ̀gá, owó iná, owó ilé, owó ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ta ni yóò ru èwo nínú wọn?

Ká ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan ń ná mílíọ̀nù 3 náírà lóṣù, tí èèyàn 1,500 sì ń wá gba ìtọ́jú níbẹ̀ lóṣù kan náà. Ìṣirò tó yá jù ni kí wọ́n pín owó náà sọ́nà 1,500, kí wọ́n sì sọ pé aláìsàn kọ̀ọ̀kan ń ná wọn ní 2,000 náírà. Ìṣirò yìí kò tọ̀nà. Nínú àwọn 1,500 yẹn, 60 jẹ́ aboyún tó wá bímọ, agbẹ̀bí sì lè wà lórí ẹyọ kan nínú wọn láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, nígbà tí ẹni tó wá gba oògùn ibà kì í lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bí wọ́n bá wá bi àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń lo àsìkò wọn, tí wọ́n rí i pé ìgbẹ̀bí ló ń gba ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àsìkò, yàrá àti iná, mílíọ̀nù 1.2 náírà di ti ìgbẹ̀bí nìyẹn. Ìbí kan ń ná wọn ní 20,000 náírà. Àwọn 1,440 tó kù yóò pín mílíọ̀nù 1.8, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń ná wọn ní 1,250. Àpèjúwe lásán ni, ṣùgbọ́n ó fi ohun tó ṣe pàtàkì hàn. Bí ìjọba bá fi 2,000 náírà lórí orí ṣe ìpìlẹ̀ owó tó ń fún ilé ìwòsàn, ilé ìwòsàn tí aboyún pọ̀ sí yóò máa jẹ gbèsè, èyí tí kì í gba aboyún yóò máa ní àjẹṣẹ́kù, àwọn aláṣẹ yóò sì rò pé èyí àkọ́kọ́ ni kò mọ owó ná.

Ọ̀nà ìṣirò yìí, tó ń gba orí iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ń ṣe kọjá kí ó tó dé orí ohun tó ti inú iṣẹ́ náà jáde, di gbajúmọ̀ ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí Robert Kaplan àti Robin Cooper ní Harvard bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé lórí rẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ tí ń ṣe ẹ̀rọ ni wọ́n kọ́kọ́ wò. Ìbéèrè tó wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni pé kí ló ń fa ìnáwó gan-an, kí ni ohun tó jẹ́ pé bí ó bá pọ̀ sí i, owó náà yóò pọ̀ sí i?

Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ti kan ìbéèrè yẹn kí àwọn ọ̀mọ̀wé Harvard tó fún un ní orúkọ. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní January 1955, iye ọmọ ilé ìwé fò láti 456,600 ní ọdún 1954 sí 811,432. Owó tí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ń ná ní ọ́fíìsì rẹ̀ n'Íbàdàn kò ní ìdí láti di ìlọ́po méjì nítorí ìyẹn. Owó olùkọ́, ti bẹ́ńṣì àti ti kíláàsì ni orí ọmọ ń tì sókè, òun ló sì fa wàhálà olùkọ́ tí kò kọ́ṣẹ́ àti kíláàsì tí kò tó láàárín àwọn ọdún àkọ́kọ́ yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ lónìí, iye ọmọ ni yóò kọ́kọ́ wádìí, kí ó tó kan iye òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì.

Ibi tí wọ́n ti sábà máa ń fi ọ̀nà Kaplan ṣe àpẹẹrẹ nínú iṣẹ́ ìjọba ni ìlú Indianapolis ní ìpínlẹ̀ Indiana, ní Amẹ́ríkà. Stephen Goldsmith gba ipò olórí ìjọba ìlú náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1992. Nígbà tó ń wá ìbò, ohun tó ń sọ ni pé òun yóò gbé púpọ̀ nínú iṣẹ́ ìlú fún àwọn iléeṣẹ́ aládàáni. Ìgbà tó dórí àléfà ló rí i pé kò sí ẹni tó lè sọ fún òun iye tí dídí kòtò ojú títì ń ná ìlú. Wọ́n mọ iye tí ẹ̀ka ojú ọ̀nà ń gbà lọ́dún. Iye tí kòtò ń jẹ nínú rẹ̀ ni wọn kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò mọ iye tí iṣẹ́ ń ná òun kò lè mọ̀ bóyá iye tí agbaṣẹ́ṣe pè pọ̀ tàbí ó kéré. Ó lè gbé iṣẹ́ tó ń ná an ní ọgọ́rùn-ún fún ẹni tó ń gba àádọ́jọ, kí ó máa yọ̀ pé òun ti ṣe àtúnṣe.

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Wọ́n ka àsìkò tí ẹgbẹ́ adíkòtò kọ̀ọ̀kan ń lò lójú ọ̀nà, ọ̀dà tí wọ́n ń yọ́, epo ọkọ̀, gbígbó tí ọkọ̀ ń gbó, títí kan ìpín tó yẹ kí iṣẹ́ náà rù nínú owó oṣù àwọn ọ̀gá tí kì í kúrò ní ọ́fíìsì. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlú mọ̀ pé iṣẹ́ àwọn ni wọ́n fẹ́ gbé lọ. Dípò kí wọ́n kàn kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní kí ìjọba jẹ́ kí àwọn náà pe iye tiwọn, kí àwọn àti àwọn agbaṣẹ́ṣe jọ du iṣẹ́ náà. Goldsmith gbà.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni ó sọ ìlú yìí di ohun tí wọ́n ń fi kọ́ni ní ilé ìwé ìṣàkóso títí dòní. Nígbà tí ìwé ìṣirò dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ na ìka sí ni iye àwọn ọ̀gá tí wọ́n gbé lé wọn lórí: alábòójútó 32 fún òṣìṣẹ́ 94. Òṣèlú ló gbé àwọn ọ̀gá wọ̀nyí débẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú Goldsmith fúnra rẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ ní bí àwọn bá ní láti ru owó oṣù gbogbo wọn, kò sí bí àwọn ṣe lè borí agbaṣẹ́ṣe kankan. Òótọ́ ni wọ́n sọ, olórí ìlú náà sì dín àwọn ọ̀gá yẹn kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó bá a wá ìbò ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ yíjú sí iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn. Ènìyàn mẹ́jọ àti ọkọ̀ akẹ́rù méjì ni wọ́n fi ń díkòtò tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ kan ń fa ẹ̀rọ tí ń dí i, èkejì ń fa ìkòkò ọ̀dà. Wọ́n ní bí wọ́n bá tún ẹ̀rọ náà tò sórí ọkọ̀, ọkọ̀ kan yóò tó, ènìyàn márùn-ún yóò sì ṣe é. Àwọn ni wọ́n jáwé olúborí. Owó tí tọ́ọ̀nù kan ohun tí wọ́n fi ń díkòtò ń náni wálẹ̀ láti 425 dọ́là sí 307.

Àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyẹn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé ọkọ̀ kejì kò pọn dandan. Wọ́n ti mọ̀ tipẹ́. Kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè rí ni, ẹni tó bá sì dá sọ ọ́, kò sí ohun tí ì bá rí gbà níbẹ̀ ju ọ̀tá lọ. Ohun tí iye owó ṣe níbẹ̀ kò ju pé ó fún ohun tí òṣìṣẹ́ ti mọ̀ ní èdè tí àwọn aláṣẹ kò lè tì sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọ̀pọ̀ ètò tó tóbi ju ti Indianapolis lọ ni kò rí irú àbájáde bẹ́ẹ̀. Ní 1961, Robert McNamara tó wá láti iléeṣẹ́ ọkọ̀ Ford di mínísítà ètò ààbò Amẹ́ríkà, ó sì gbé ètò kan kalẹ̀ tó ń so owó mọ́ àfojúsùn dípò orúkọ ẹ̀ka iṣẹ́ ológun. Ààrẹ Lyndon Johnson pàṣẹ ní 1965 pé kí gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ máa lo irú rẹ̀. Nígbà tó fi di 1971, ìjọba Nixon ti fi í sílẹ̀. Jimmy Carter náà gbé tirẹ̀ wá. Nígbà tó jẹ́ gómínà ìpínlẹ̀ Georgia, ó gba ètò ìṣúná tó ń bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo, èyí tí Peter Pyhrr ti lò ní iléeṣẹ́ Texas Instruments: lọ́dọọdún, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan wí àwíjàre fún gbogbo kọ́bọ̀ tó fẹ́ gbà, bí ẹni pé ẹ̀ka náà kò sí rí. Ó di ààrẹ ní 1977, ó gbé e lọ sí Washington. Ronald Reagan dé ní 1981, ó sì fòpin sí i.

Ìwé ló pa méjèèjì. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ń kún fọ́ọ̀mù pọ̀ débi pé àwọn tó yẹ kí wọ́n kà á kò lè kà á tán kí ọdún tó parí, àwọn tí ń kọ ọ́ sì tètè mọ bí wọ́n ṣe lè fi ọ̀rọ̀ tuntun wé owó àná. Nàìjíríà náà tọ́ díẹ̀ wò nínú rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ kéde pé orí òdo ni ètò ìṣúná ọdún 2016 yóò ti bẹ̀rẹ̀, ètò tó lé ní tírílíọ̀nù 6 náírà. Nígbà tí àwọn aṣòfin bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí ohun kan náà tí wọ́n kọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lábẹ́ iléeṣẹ́ kan, mínísítà ètò ìlera ìgbà náà sì sọ fún wọn pé ohun tó wà nínú ìwé yẹn kì í ṣe ohun tí iléeṣẹ́ òun fi ránṣẹ́. Orí òdo tí wọ́n ní àwọn ti bẹ̀rẹ̀ kò hàn níbì kankan. Kí èèyàn tó lè kọ iye tí iṣẹ́ yóò ná láti ìpìlẹ̀, ó ní láti kọ́kọ́ mọ iye tí iṣẹ́ náà ń ná lọ́wọ́lọ́wọ́, a kì í sì fi àṣẹ orí tẹlifíṣọ̀n mọ ìyẹn.

Síbẹ̀, kò ní bójú mu láti sọ pé Nàìjíríà kò ṣe nǹkan kan. Ní 2001, ìjọba Ọbásanjọ́ dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ láti máa yẹ iye tí àwọn agbaṣẹ́ṣe ń pè wò kí ìjọba tó sanwó, ẹ̀ka tí Oby Ezekwesili darí tí orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ fi di Màdáámù Due Process. Òfin ìrajà ìjọba ti ọdún 2007 ló fìdí irú iṣẹ́ yẹn múlẹ̀. Ọdún 2007 yẹn náà ni ètò owó oṣù orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní IPPIS bẹ̀rẹ̀, láti fi yọ orúkọ àwọn tí kò sí níbi iṣẹ́ àfi nínú ìwé owó oṣù. Nígbà tó di August 2015, ìjọba Buhari pàṣẹ pé kí gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kó owó wọn sínú àpò kan ṣoṣo ní Báńkì Àpapọ̀, àpò tí gbogbo ayé mọ̀ sí TSA. Ṣáájú àkókò yẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àkáǹtì ni àwọn iléeṣẹ́ yìí ní káàkiri àwọn báńkì, ó sì ń ṣẹlẹ̀ pé kí owó ìjọba sùn sí báńkì kan láìmú èrè wá, kí ìjọba tún lọ yá owó pẹ̀lú èlé lọ́dọ̀ báńkì kan náà. Ní November ọdún yẹn kan náà, iléeṣẹ́ ètò ìnáwó dá ẹ̀ka mìíràn sílẹ̀ láti dín owó ìrìn àjò, ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àti oúnjẹ ìpàdé kù.

Ètò gidi ni wọ̀nyí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré wọn. Ṣùgbọ́n ẹnu àpò ni gbogbo wọn ń ṣọ́. TSA mọ iye tó wà nínú àpò. IPPIS mọ ẹni tó ń gba owó oṣù. Òfin ìrajà mọ iye tí wọ́n ra tábìlì. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè sọ iye tí ìwé ìrìnnà kan, ẹjọ́ kan ní kóòtù, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó gba oyè ná orílẹ̀-èdè. Ìyàtọ̀ yìí hàn nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì ń bá ìjọba fa IPPIS. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ètò náà kò mọ irú iṣẹ́ tí yunifásítì ń ṣe: olùkọ́ tó lọ lo ọdún ìsinmi ìwádìí ní ilé ìwé mìíràn, olùkọ́ tó ń kọ́ni ní yunifásítì méjì. Ní December 2023, ìjọba gbà pé kí àwọn yunifásítì kúrò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dída iléeṣẹ́ ìjọba pọ̀ tún ń fi kókó yìí hàn lọ́nà mìíràn. Ìgbìmọ̀ tí Stephen Oronsaye darí, tí Ààrẹ Jonathan gbé kalẹ̀ ní 2011, ka àjọ àti iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó tó 541. Nínú 263 tí òfin dá sílẹ̀, wọ́n ní kí ó dín sí 161. Ìwé àbájáde yẹn sùn fún ọdún bíi méjìlá kí ìgbìmọ̀ ìṣàkóso Ààrẹ Tinubu tó ní kí wọ́n mú un lò ní February 2024, ìjọba sì tẹnu mọ́ ọn pé kì í ṣe láti lé òṣìṣẹ́ ni. Bí òṣìṣẹ́ kò bá ní dín kù, tí iṣẹ́ kò sì yí padà, ohun tí dída àjọ méjì pọ̀ lè fi pamọ́ kò ju owó oṣù ọ̀gá àgbà kan, àjẹmọ́nú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ olùdarí, ọkọ̀ mélòó kan, àti ilé tí wọ́n ń háyà. Ìyẹn lè pọ̀, ó sì lè kéré. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè mọ̀ ọ́n láti inú kíka orúkọ àjọ. Iṣẹ́ tí àwọn àjọ méjì ń ṣe ní ìlọ́po ni ó yẹ kí wọ́n kà, àti iye tí ó ń náni.

Owó kan tún wà tí ìjọba kì í rí rárá: dúkìá tó ti ní. Alákàrà tó ń dín àkàrà lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ kì í ṣírò owó ṣọ́ọ̀bù mọ́ ẹ̀wà àti epo, ó sì lè rò pé àkàrà rẹ̀ ń mú èrè wá ju ti ẹni tó háyà ṣọ́ọ̀bù lọ. Bẹ́ẹ̀ ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ní ilẹ̀ ńlá láàárín ìlú, tí wọ́n kọ́ ilé mẹ́fà sórí rẹ̀ tí wọ́n ń lo méjì, kò ka ilẹ̀ yẹn sí ìnáwó. New Zealand kojú ọ̀rọ̀ yìí tààrà. Lẹ́yìn òfin ìnáwó ìjọba tí wọ́n ṣe ní 1989, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bu owó lé àwọn iléeṣẹ́ ìjọba fún dúkìá tó wà ní ìkáwọ́ wọn, bí ẹni ń san èlé. Ẹni tó bá di ilé tí kò lò mú yóò máa san án. Bí iléeṣẹ́ kan bá sì rí i pé owó yẹn ń wọ òun lọ́rùn, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún un láti dá ilé náà padà.

Ní Nàìjíríà, ibi tó súnmọ́ ìyẹn jù ni ètò ọdún 2003 tí ìjọba àpapọ̀ fi sọ ilé, ọkọ̀ àti àga tí ó ń fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ di owó, tí wọ́n sì ta ọ̀pọ̀ ilé ìjọba. Ìlànà ìṣirò owó ìjọba ti àgbáyé, IPSAS, tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2010, tún gbé e síwájú díẹ̀, nítorí pé láti 2016 ni wọ́n ti ní kí ìṣirò kọjá owó tó wọlé àti èyí tó jáde nìkan. Pẹ̀lú ìṣirò àtijọ́, ọkọ̀ tí wọ́n rà lónìí yóò kó gbogbo ìnáwó rẹ̀ sórí ọdún yìí, ọdún mẹ́sàn-án tó máa fi ṣiṣẹ́ lẹ́yìn náà yóò sì dà bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni. Ìṣirò tuntun ń pín owó ọkọ̀ náà sórí ọdún tó fi ń gbó. Láìsí èyí, kò sí bí wọ́n ṣe lè fi iye tí iṣẹ́ ná wọn lọ́dún yìí wé ti ọdún tó kọjá.

Ohun tó ń ṣòro jù ni kí ẹnì kan fẹ́ láti mọ iye wọ̀nyí. Bí owó tí iléeṣẹ́ ìjọba kan gbà kò bá tán kí December tó parí, àpò ìjọba ni ó ń padà sí, àwọn tí ń ṣe ètò ìṣúná yóò sì wí pé iléeṣẹ́ yẹn kò nílò tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó fi owó pamọ́ ni ìyà jẹ. Ìdí nìyí tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ìpàdé àti ríra àga tuntun fi máa ń pọ̀ ní ìparí ọdún, àìsàn kan tí kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan. Kò sí bí wọ́n ṣe kọ́ akáúńtáǹtì ní ìṣirò tó, tí yóò fi borí èyí bí òfin kò bá jẹ́ kí apá kan nínú ohun tí iléeṣẹ́ fi pamọ́ dúró sọ́dọ̀ rẹ̀. Indianapolis mọ èyí: àwọn mẹkáníìkì tí ń tún ọkọ̀ ìlú ṣe gba ìpín nínú owó tí wọ́n bá ìlú fi pamọ́.

Ewu tún wà ní apá kejì. Iye tí iṣẹ́ ń ná ìjọba lè lọ sílẹ̀ nítorí pé ìjọba gbé ìnáwó náà lé aráàlú lórí. Ilé ìwòsàn tó bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lóru yóò rí i pé iye tí ìbí kan ń ná òun ti dín kù. Aboyún tó háyà ọkọ̀ ní agogo méjì òru láti lọ sí ìlú mìíràn ló san ìyókù. Ìlú Flint ní ìpínlẹ̀ Michigan ló fi èyí han gbogbo ayé. Ní April 2014, nígbà tí ẹni tí ìjọba ìpínlẹ̀ yàn ń ṣàkóso owó ìlú náà, wọ́n kúrò lórí omi tí wọ́n ń rà láti Detroit, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi odò Flint, kí owó lè dín kù. Wọn kò fi èròjà tí kì í jẹ́ kí omi jẹ páìpù sí i. Òjé yọ́ láti inú páìpù wọ inú omi tí àwọn ọmọdé ń mu, àrùn inú omi náà sì pa ènìyàn. Wọ́n padà sí omi Detroit ní October 2015. Owó tí wọ́n fi parí ẹjọ́ pẹ̀lú àwọn aráàlú lé ní mílíọ̀nù 600 dọ́là. Nínú ìṣirò àkọ́kọ́, owó omi nìkan ni wọ́n kà. Nítorí náà ni àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń to ìwọ̀n dídára iṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ iye rẹ̀: bí kòtò tí wọ́n dí ṣe pẹ́ tó kí ó tó tún ṣí, iye ìyá àti ọmọ tó yè, ọjọ́ tí ìwé ìrìnnà lò kí ó tó jáde.

Iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá. Iṣẹ́ kan tí aráàlú mọ̀, tí a lè kà, ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mú: ìwé ẹ̀rí ìbí, ìdọ̀tí tí wọ́n kó, kòtò tí wọ́n dí. Wọn yóò kọ ìgbésẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí òṣìṣẹ́ ṣe ń ṣe é gan-an, kì í ṣe bí ìwé ìlànà ṣe sọ, nítorí pé fáìlì tí ìwé ní kí ó kọjá lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta lè máa gba ọwọ́ mẹ́sàn-án. Wọn yóò kó owó tó bá ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan mu jọ, wọn yóò sì fi oṣù kan wé òmíràn, ìjọba ìbílẹ̀ kan wé èkejì. Níbi ìfiwéra yẹn ni ìbéèrè ti ń jáde: kí ló dé tí ìwé ẹ̀rí ìbí fi ń ná ọ́fíìsì yìí ní ìlọ́po mẹ́ta ti ọ́fíìsì tó wà ní ìlú kejì? Ìdáhùn lè jẹ́ ìwà jẹgúdújẹrá, ó sì lè jẹ́ pé iná kì í wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń ra dísù. Ọjọ́ tí alága ìjọba ìbílẹ̀ bá wá lọ gbèjà ètò ìṣúná rẹ̀ níwájú àwọn káńsẹ́lọ̀, iye wọ̀nyí ló yẹ kí ó wà lórí tábìlì, kí àwọn káńsẹ́lọ̀ lè bi í ní ohun tí owó náà yóò ṣe kí wọ́n tó bi í ní ohun tí wọn yóò fi rà.